Ìgbà Wo Ló Ké?

Màmá mi wá kí mi ní Ifẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́,
àgbálùmọ̀ méje nínú láílọ́ọ̀nù dúdú,
eruku ọ̀nà Iléṣà lórí gèlè rẹ̀.
Kò tíì jókòó tó fi bi mí:
"Ìbíyẹmí, kí gan-an lò ń wò lóru
tó ò fi ń gbé ìpè mi?"

Mo fi bébà kan hàn án.
Ìlà kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń lọ, ó ń lọ,
àfi lójijì tó ga fíofío,
tó tún lulẹ̀, tó tẹ́ padà.
Màmá wọ awò ojú rẹ̀.
"Ta ló ń rọbí níbí?"

(Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí.
Ó mọ ìlà tó ń ga tó ń lulẹ̀ jù mí lọ.)

Mo ní, Màmá, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni, ọ̀dọ́ ni,
ó ń bímọ lé ọmọ, kò sinmi.
Àwọn ìràwọ̀ tuntun náà gbóná débi pé
wọ́n ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà mọ́ háídírójìn lọ́wọ́.
Nígbà tí èyí tí wọ́n já gbà bá ń padà sílé,
àtẹ̀gùn ló ń bá sọ̀kalẹ̀.
Mo gbé kóró àgbálùmọ̀ kan
sórí àtẹ̀gùn kejì lẹ́yìnkùlé wa ní Òkèrèwè,
mo fi ìka tì í.
Pó.
Ìró yẹn, Màmá. Òun ni ìmọ́lẹ̀ náà.
Àwọ̀ rẹ̀ kọjá àlùkò, ojú èèyàn ò ká a.

Kì í sì í tètè rí ọ̀nà jáde.
Háídírójìn kan á gbà á, á gbé e fún èkejì,
èkejì á gbé e fún ẹ̀kẹta,
bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ́jọ́ ìkómọ
tí gbogbo ìyàwó ilé fẹ́ gbé.
Ibi tó bá ti ko eruku, eruku á gbé e mì.

Màmá fi ìka fa ojú wíńdò.
Ó wo ọyẹ́ lórí ìka rẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan.

Èyí tó bá ráyè jáde, ọ̀nà ń gùn sí i bó ṣe ń rìn,
òfuurufú ń fẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń nà án.
Ohùn jòjòló ló fi kúrò nílé,
ohùn baba arúgbó ló fi ń kan ilẹ̀kùn wa.
Ó wọ pupa dé.

"Ìgbà wo ló ké?"

Nínú ìwé ńlá tiwọn ní ọsibítù,
wọn kì í kọ pé ọmọ dé,
ìṣẹ́jú tó ké ni wọ́n ń kọ.
Mo ní ó lé ní bílíọ̀nù méjìlá ọdún.
Oòrùn ò tíì sí. Ilẹ̀ tá a tẹ̀ yìí ò tíì sí.
Ifẹ̀ tá a ní ibẹ̀ lojúmọ́ ti ń mọ́ wá,
ojúmọ́ yìí ti mọ́ kó tó kàn án.

"Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?"
Mi ò mọ̀, Màmá. Ẹkún nìkan ló dé.

Ó to kóró àgbálùmọ̀ sórí tábìlì, ó tún wọn tò.
"Ọdún kejì tí mo wọ iṣẹ́, iná lọ, òjò ń rọ̀.
Obìnrin kan, ará Ìpetu.
Ọmọ rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan péré.
Dókítà ní kí n má wulẹ̀ kọ ọ́.
Mo kọ ọ́.
Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

Ó gba báírò lọ́wọ́ mi.
"Ìgbà wo ló dé etí tìrẹ?"
Òru Ọjọ́rú, aago mẹ́ta kù díẹ̀.
Létí bébà mi, lábẹ́ òkè kékeré yẹn,
ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gbọọrọ bíi ti wọ́ọ̀dù:
*Ó ké.*

Ó wá bẹ́ àgbálùmọ̀ tó kù sí méjì.
Ó kan bí nǹkan míì.
A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.